Ẹ̀yìn Mi, Ẹ̀yìn Irin

Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi ẹ̀yìn gbé àpò kajú
láti ẹnu ọkọ̀ dé ìdí ògiri,
ní ilé ẹrù wa l'Árówómọlé, l'Ógbòmọ̀ṣọ́.
Ọgọ́rin kílò ni àpò kan.
Mi ò kà wọ́n mọ́ látìgbà tí a ti bí Oyèwùmí.
Ìbàdí mi ló ń bá mi kà á,
ó ń ké bí ilẹ̀kùn tí ò rí epo.

Lọ́jọ́ tí wọ́n já àwọn irin náà sílẹ̀ nínú tírélà,
gbogbo àwa alááàrù dúró sábẹ́ igi máńgòrò,
à ń wò wọ́n bí ìyáálé ṣe ń wo ìyàwó tuntun:
a ò bú wọn, a ò kí wọn.
Ẹni mẹ́rìnlélógún ni wá láàárọ̀ ọjọ́ náà.
Kí oṣù tó kú, a ku mẹ́fà.
Èmi ni wọ́n fún ní gègé àti ìwé:
"Bàbá, ẹ máa kà."

Fọ́kílíìtì ni òyìnbó pe gbogbo wọn.
Àwa fún wọn lórúkọ.

Abẹ̀yìn-wúwo ló sanra jù nínú ilé,
apá irin méjì níwájú, odidi òkúta irin nídìí.
Morádékẹ́ tó ń wà á ló ṣàlàyé fún mi:
"Bàbá, ìdí rẹ̀ ni kì í jẹ́ kó dojú bolẹ̀.
Bí ẹrù iwájú bá ju tẹ̀yìn lọ,
táyà ẹ̀yìn á fò sókè, ó di jàǹbá nìyẹn."
Mo rẹ́rìn-ín.
Ta lò ń kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀yìn?

Àgùnfọn rèé, òun tẹ́ẹ́rẹ́,
ẹ̀gbẹ́ lẹni tó ń wà á ń kọ sí, bí akàn.
Àárín pẹpẹ méjì tí èèyàn sísanra ò lè gbà,
ibẹ̀ ló ti ń na apá wọ àjà kẹrin,
tí yóò yọ páléètì jáde jẹ́jẹ́
bí ọmọ tó ń yọ ẹran nínú ìkòkò,
tí ìyá rẹ̀ sùn sí tòsí.

Òmíràn tún wà tó ń gbé èèyàn fúnra rẹ̀ ròkè:
Súlè á di bẹ́líìtì mọ́ àyà,
á lọ ṣa àpò mẹ́ta, mẹ́rin, fún oníbàárà kékeré.

Atẹrọ̀fọ̀, ìta ni tirẹ̀.
Táyà rẹ̀ ga dé àyà ọmọdé; dísẹ̀lì ló ń mu,
èéfín rẹ̀ ò jẹ́ ká gbà á wọlé.
Bátìrì làwọn ti inú ilé ń jẹ,
wọ́n dákẹ́ débi pé a so aago mọ́ wọn
kí wọ́n má baà kọlu èèyàn látẹ̀yìn.

Ó ku ọ̀kan, tọwọ́ ni, fífà ni.
A ò tilẹ̀ fún un lórúkọ. "Kẹ̀kẹ́ yẹn" là ń pè é.
O tẹ ọ̀pá rẹ̀ bíi ti kànga oníirin,
páléètì á fi ìka kan kúrò nílẹ̀, ó tó.

Nínú oṣù kẹrin, iná lọ fún ọjọ́ mẹ́rin.
Jẹnẹrétọ̀ náà gbẹ́mìí mì.
Abẹ̀yìn-wúwo sùn. Àgùnfọn sùn, apá rẹ̀ ṣì wà lókè.
Atẹrọ̀fọ̀ ti rì sínú kòtò tó ní òun jọba lé.
Tírélà méjì ń dúró, ọkọ̀ ojú omi kì í dúró,
òjò sì ṣú bọ̀ láti ọ̀nà Ìkòyí-Ilé.
Ọ̀gá wá ń pe fóònù àwọn tó lé lọ.
Lásùnkànmí dé. Gbádéró dé, pẹ̀lú ìpá rẹ̀.
Morádékẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí àga,
ó di Kẹ̀kẹ́ yẹn mú, ó ń fà, òógùn bò ó.

Mo gbé gègé sílẹ̀.
Àpò kan péré.
Mo ká aṣọ mi ṣe òṣùká, mo bẹ̀rẹ̀.
Kò sí òkúta irin nídìí tèmi.
Ó kígbe: "Bàbá! Ẹ̀yìn yín!"
Mo ní mo gbọ́.
Ìwé wà lórí tábìlì.
Kọ ọ́ sílẹ̀: ọ̀kan.